Àgọ́ Tí Kò Gba Èèyàn Méjì

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀."

Obìnrin tó ń tajà ló sọ bẹ́ẹ̀, bó ti ń ṣí ẹnu àgọ́ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n pa sórí ilẹ̀ pákó ní òkè ilé ìtajà náà. Ó ní ohun tí wọ́n kọ sára àpò àgọ́, ẹni tó ṣe àgọ́ ló sọ ọ́. Ó ku ohun tí èjìká ẹni tó máa sùn sínú rẹ̀ yóò sọ.

Iwao rẹ́rìn-ín, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ. Ìgbà náà ni Kohei, ọmọ rẹ̀, rí ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti fi òwú funfun rán an níbi gìgísẹ̀, àtàǹpàkò sì yọ orí síta níwájú bí ìjàpá tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lóde.

Ojú ti Kohei díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì tó nǹkan. Ohùn tó gbọ́ láti orí àtẹ̀gùn ló já a láyà. Ohùn Ritsu ni, ọmọ kíláàsì rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Bàámi, ẹ dìde," ni Kohei sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ tètè wọ bàtà yín."

Iwao gbójú sókè. "Ṣé wọn ò ní ká dùbúlẹ̀ ni?"

"Ẹ ṣáà dìde, ẹ jọ̀ọ́."

Ní ìlú Matsumoto, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí èèyàn dúró sí tí kò ní rí òkè, àfi bí kùrukùru bá bò ó. Omi tó ń sun nínú kànga ìlú náà, láti abẹ́ àwọn òkè wọ̀nyẹn ló ti ń bọ̀. Ó tutù débi pé eyín á ta ẹni tó bá kánjú mu ún. Omi yẹn ni Iwao Momose fi ń ṣe tòfú, wàrà ẹ̀wà sóyà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn odò. Bàbá rẹ̀ ló ṣe é kó tó kàn án. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Iwao ti ń gbé korobá ẹ̀wà rírẹ láti ibì kan dé ibòmíì, ìgbà tí àwọn aládùúgbò bá sì ń jí, òórùn ẹ̀wà gbígbóná ti gba gbogbo òpópónà náà kan. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí, ibi yòówù kó lọ láyé, òórùn yẹn kì í kúrò nímú rẹ̀.

Bí Iwao bá na ẹ̀yìn díẹ̀ níbi iṣẹ́, òkè Jonen ló máa ń wò láti ojú fèrèsé. Nígbà tó wà lọ́mọ ilé ìwé, ó gùn ún dé ibi tó kù díẹ̀ kó dé góńgó, ìpè wá bá a ní ilé ìsinmi orí òkè pé bàbá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yí padà. Láti ọjọ́ náà ló ti wọ bàtà rọ́bà funfun tí àwọn aṣètòfú fi ń ṣiṣẹ́, kò sì bọ́ ọ mọ́. Nígbà tí Kohei ń kàwé fún ìdánwò ilé ìwé gírámà tó le jù ní ìlú náà, ìlérí tí Iwao ṣe fún un kò ju ẹyọ kan lọ: "Bí o bá yege, a ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, a ó jọ sùn lórí Jonen, a ó sì dé góńgó."

Kohei yege. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tuntun náà, àwọn ọmọ oníṣègùn àti ọmọ agbẹjọ́rò ló kún ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ní "oúnjẹ ni wọ́n ń ṣe," ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Àwọn tí Kohei fi bẹ́ẹ̀ tàn náà ló dé orí àtẹ̀gùn yìí.

"Momose, ìwọ rèé," ni Ritsu wí. "Ṣé bàbá ẹ nìyí?"

"Àwọn ni."

Ritsu tẹrí ba dáadáa, ó kí Iwao káàsán. Iwao náà tẹrí ba, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan nínú ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ Ritsu wo àtàǹpàkò náà, ó sì yára gbójú lọ sí òrùlé. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún Kohei ju òrùlé tó lọ wò yẹn.

"Àgọ́ wo lẹ fẹ́ mú?" ni Ritsu bèèrè. "Má mú aláwọ̀ ewé yìí o, ẹrù àwọn àgbà ni. Aláwọ̀ ọsàn yẹn ni kó o mú. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ sùn sínú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Tó bá wà nínú báàgì ẹ, wàá rò pé o gbàgbé ẹ sílé ni."

Iwao gbé àpò àgọ́ méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, ó ń gbé wọn sókè sílẹ̀. "Ìyàtọ̀ wọn ò ju tòfú kan àtààbọ̀ lọ," ló wí. "Kohei, ìyẹn ò lè pa mí. Èmi ni màá ru tòfú kan àtààbọ̀ náà."

"Tòfú?" ni ọ̀rẹ́ Ritsu wí. "Momose, ṣé tòfú lẹ fi ń wọn nǹkan nílé yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, Iwao pàápàá bá wọn rín in. Etí Kohei nìkan ló gbóná.

"Ti ọsàn la máa mú," ni Kohei wí.

Obìnrin tó ń tajà sún mọ́ wọn. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ́ ẹní méjì sínú ẹ̀ ká wò ó. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ èèyàn méjì sí i lára, ṣùgbọ́n ó rí tóóró níbi ẹsẹ̀, èjìká bàbá sì gbòòrò. Kò ní pẹ́."

"A ti wọ̀n ọ́n nílé," ni Kohei wí.

Ẹnikẹ́ni kò wọn nǹkan kan nílé. Iwao wo ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í parọ́ fún oníbàárà, kódà bí ẹ̀wà ọjọ́ náà kò bá jinná tó, fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà pẹ̀lẹ́, ó na ẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí fún obìnrin náà. "A ti wọ̀n ọ́n."

Lójú ọ̀nà ilé, Kohei ń retí pé kí bàbá òun bá òun wí. Iwao gbé àpò àgọ́ náà sí abíyá, ó ní, "Ó fúyẹ́ lóòótọ́ ṣá," kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn dun Kohei ju èébú lọ.

Ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn ọdún àwọn baba ńlá, nígbà tí wọ́n ti sin ẹ̀mí wọn padà tí wọ́n sì ti pa iná tí wọ́n tàn sẹ́nu ọ̀nà fún wọn, Iwao ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá àti ọmọ gba etí odò lọ, wọ́n ń gòkè. Kò sí ẹni tí wọ́n pàdé tí kò kí wọn, kò sì sí ẹni tí Iwao kò dá lóhùn bí ẹni ń kí oníbàárà. Níbi ìsun omi kan, wọ́n fi kùkúḿbà tutù jẹ ẹ̀wà sóyà lílọ̀ oníyọ̀ tí ìyá Kohei dì fún wọn. Iwao ń mí gúlegúle, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nílé ìwé.

Nígbà tí wọ́n dé ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pàgọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsinmi, Iwao dúró. Góńgó òkè náà wà lókè orí wọn gan-an, òkúta lórí òkúta.

"Ibi tí mo ti yí padà nìyí," ló wí. "Ọ̀la là ń sọ."

Wọ́n pàgọ́. Kohei tẹ́ ẹní àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, ó tẹ́ èkejì. Etí èkejì gun orí ti àkọ́kọ́. Ó fà á sọ́tùn-ún, ó fà á sósì, kò lọ síbì kan.

"Àyè kì í há adìyẹ kó má dé ìdí àba ẹ̀," ni Iwao wí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Wọ́n dùbúlẹ̀. Èjìká Iwao gba ẹní tirẹ̀ tán, ó tún gba ìdajì ti Kohei. Orí rẹ̀ ń ti aṣọ òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti aṣọ ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́, àfi kí èkejì yí pẹ̀lú.

"Bí mo bá fẹ́ yí, màá kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹ," ni Iwao wí.

Kohei rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èémí àwọn méjèèjì ti ń di omi lára aṣọ àgọ́, ó ń làágùn, ibi tí ẹ̀yìn Iwao sì fara kan ún ti ń tutù. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọmọ tó ti ru ẹrù láti òwúrọ̀ ni Kohei. Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó jí, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé òun sùn dáadáa. Apá rẹ̀ nà gbalaja. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé kò yẹ kí apá òun ráyè nà.

Ó jáde. Òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àwọn èèyàn sì ti ń to lọ sókè. Iwao jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ etí òrùlé ilé ìsinmi, àpò tí wọ́n ń wọnú rẹ̀ sùn wà léjìká rẹ̀, ó rin gbindin. Ètè rẹ̀ kò láwọ̀. Ìyá arúgbó kan tó pàgọ́ sí tòsí wọn ń fi ọbẹ̀ gbígbóná lé e lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ń so okùn bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Kohei, o ti jí?" ni Iwao wí. "Ojú ọjọ́ dára. Ó yá, ká máa lọ."

Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó fẹ́ dìde. Ó dúró sí agbede méjì. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yìn mi ní òun ò lọ."

"Ẹ̀yìn wo ló máa lọ?" ni ìyá arúgbó wí. "Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti wà níbí, òjò ń ta sí wọn lára. Àgọ́ wo lẹ tiẹ̀ sùn? Èyí aláwọ̀ ọsàn yẹn? Ọmọ kéékèèké méjì ló yẹ ibẹ̀. Ta ló yan irú ẹ̀ fún géńdé bíi tiyín?"

"Àwa méjèèjì la yàn án, Ìyá," ni Iwao wí. "A sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Èmi ni mo jí ní tèmi. Aṣètòfú kì í mọ oorun sùn."

Ilẹ̀ ì bá là kí Kohei wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí bàbá rẹ̀ yóò gbé irọ́ rẹ̀ rù fún un, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò lè gbé ara rẹ̀. Kohei kọjú sí ìyá arúgbó náà.

"Irọ́ ni, Ìyá," ló wá wí. "A ò wọn nǹkan kan. Wọ́n ní ká dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀ wò, mi ò jẹ́ kí bàbá mi dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wà níbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi sì ti lu. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí wa pọ̀ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bàbá arúgbó dáwọ́ okùn bàtà dúró. Ìyá náà tẹ ojú mọ́ Kohei fún ìgbà díẹ̀.

"Ká ní o tètè sọ ọ́ ni, bàbá ẹ ì bá má jókòó síbí," ló wí. "Ṣùgbọ́n o sọ ọ́. Ṣé wàá tẹ̀ lé wa lọ sókè? Kò jìnnà mọ́."

"Máa bá wọn lọ," ni Iwao wí. "Ìwọ kúkú dé ibẹ̀."

Kohei wo góńgó náà. Ó rí àwọn èèyàn lórí rẹ̀, wíńníwíńní, wọ́n ń juwọ́ sí ara wọn. Ó wo bàbá rẹ̀, tí ojú òun náà ti lọ síbi kan náà tí kò sì tètè padà. Ó lọ tú àgọ́. Ó di ẹrù àwọn méjèèjì pọ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àti àyà. Nínú ohun gbogbo tó rù lọ́jọ́ náà, àgọ́ yẹn ló fúyẹ́ jù.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń ka òkúta. Iwao fi igi tilẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó gbé ọwọ́ kejì lé èjìká ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ń gòkè ń yà fún wọn, wọ́n ń kí wọn pẹ̀lẹ́, ìkíni kọ̀ọ̀kan sì ń gún Kohei lára bí ẹ̀gún. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, wọ́n jókòó.

"Ẹ má bínú, Bàámi," ni Kohei wí. Omi ló ń wò.

Iwao fi igi ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀.

"Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹ," ló wí nígbà tó yá. "Lọ́jọ́ yẹn, kó o tó sọ̀rọ̀, mo ti rí àtàǹpàkò mi. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ náà. Ojú ti èmi náà. Nígbà tí o ní kí n dìde, inú mi dùn. Mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹ, èmi àgbà."

Kohei yíjú sí i.

"Torí náà, ìtìjú méjì ló ra àgọ́ yẹn," ni Iwao wí. "Wọ́n ti sùn síbẹ̀ kí àwa tó dé. Ibo la fẹ́ fẹ̀gbẹ́ lé?"

Kohei kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Méjèèjì ló ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n dìde, wọ́n ń bá ọ̀nà lọ.

Ẹ̀yìn Iwao san débi tó fi lè gbé korobá ẹ̀wà, kò san débi tó fi lè gun òkè. Kò dé góńgó Jonen títí ó fi darúgbó. Kohei dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lọ́dún kejì, ojú ọjọ́ dára, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń wá òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn nísàlẹ̀ láàárín òrùlé tó pọ̀ bí iyanrìn. Kò rí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹni tí ojú kì í tì. Àgbà náà, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ó jẹ́ kí ojú tì yín sí. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí ẹ lè lọ sílé ìwé kọ́ ni ohun ìtìjú. Irọ́ tí a bá pa láti fi í pamọ́ ni. Ẹni tó bá sì sá fún ìtìjú ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ èèyàn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà, níbi tí ọwọ́ kò ti ní lè tún un ṣe mọ́.