Eré Tí Ọkọ̀ Gbà Lára Júpítà

Ọkùnrin kan ń fi kóró àgbálùmọ̀ yí ọsàn po lórí bẹ́ǹṣì, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò jáde. Bí Hamdalah ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, ní ilé ìwòsàn tó ń gbé bàbá rẹ̀ lọ ní Igando lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀.

Zikrullah lorúkọ rẹ̀. Tíṣà físíìsì ni ní Ẹ̀gbẹ́dá kí àrùn kan náà tó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn dókítà ní kó máa fi ohun tó mọ̀ jù kọ́ ẹnu rẹ̀ lọ́rọ̀. Hamdalah, tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún, jókòó tì í, ó ní kó kọ́ òun.

Ó ṣàlàyé fún un, díẹ̀díẹ̀, pé ọkọ̀ tó ń rìnrìn àjò jíjìn lójú sánmà kì í ní epo tó tó. Yóò gba ẹ̀yìn Júpítà, ayé ńlá tó ń sáré yí oòrùn po. Òòfà rẹ̀ á fà á mọ́ra, á yí ọ̀nà rẹ̀ padà, ọkọ̀ náà á sì jáde pẹ̀lú eré tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kóró àgbálùmọ̀ ni ọkọ̀, ọsàn ni Júpítà.

"Ẹ tún un sọ jàre," Hamdalah á ní. "Ẹ ti gbé òòfà mì."

Òun nìkan ló ń pa Zikrullah lẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn.

Ṣùgbọ́n Alhaji Jibril, bàbá Hamdalah, kọ̀ kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Kò kórìíra Zikrullah. Ó ní òun mọ ohun tí ojú ìyàwó òun ń rí látìgbà tí òun ti ń ṣàìsàn, òun kò ní fi ọmọ òun sínú irú rẹ̀. Òun náà ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ wọn ní ilé ìwòsàn; ó wá bi Zikrullah pé bí ọkọ̀ bá gba eré lọ, ṣé Júpítà kò pàdánù nǹkan kan?

"Ó ń pàdánù, sà," Zikrullah dáhùn. "Ó kéré gan-an. Ṣùgbọ́n... mi ò lè purọ́ fún yín."

Àyìnkẹ́, ìyá Hamdalah, ń fi òróró ra ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ẹ ò bi mí rí," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ká ní mo mọ̀ ṣáájú pé àìsàn yìí ń bọ̀, ẹ̀yin náà ni mo ṣì máa fẹ́."

Alhaji kọjú sí ògiri, ó sunkún. Nígbà tó yíjú padà, ó ní kí Zikrullah lọ pe àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Mọ́sáláṣí kékeré kan ní Ayọ̀bọ̀ ni wọ́n ti so yìgì. Alhaji di ọwọ́ ọkọ ìyàwó mú, ó ní òun fún un ní Hamdalah. Ọ̀rọ̀ há sí Zikrullah lọ́nà ọ̀fun. Lẹ́mọ́mù ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀," Alhaji wí.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Hamdalah ń tẹ́tí.

"Mo... gbà á," ni Zikrullah wí.

Hamdalah gbọ́ ọ ketekete.