Ilà Ṣọ́ọ̀kì Láàárín Ibùsùn àti Ẹnu Ọ̀nà

Ilà kan wà nílẹ̀ yàrá Màmá tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀.

Abẹ́tábìlì rí i bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà. Ilà náà kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ, ó tẹ́ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì, ìṣísẹ̀ kan péré ló sì fi jìnnà sí ibùsùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kàn án. Lẹ́búlẹ́bú búlúù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé e sún mọ́ imú. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ni.

Ó wo Màmá. Wọ́n ń sùn, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wà lórí ìrọ̀rí méjì. Ṣùgbọ́n irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ọsibítù ní kí wọ́n máa fi rìn, èyí tó ti fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì fẹ̀yìn ti ògiri, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ṣọ́ọ̀kì búlúù kan ṣoṣo ló wà nínú ìdílé wọn, Abẹ́tábìlì nìkan ló sì mọ ibi tó wà. Kò sí nínú ilé yẹn. Kò sí níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tún lè tó o.

Ó mú àkísà, ó nu ilà náà kúrò, ó sì lọ gbé omi kaná.

Orúkọ àwàdà ni Abẹ́tábìlì. Obìnrin ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ọmọ rẹ̀ ti ń gbé nílé ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń lọ aṣọ níbi ìfọṣọ ńlá kan láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ló ti dàgbà, láàárín ẹsẹ̀ àwọn obìnrin méjì: Màmá tó bí i, àti Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Màmá. Ogójì ọdún ni wọ́n jọ fi ṣe télọ̀. Màmá Àgbà ń gé, Màmá ń rán. Màmá Àgbà kì í yọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń há aṣọ pọ̀ kúrò lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ètè kan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ohùn wọn á máa dún fín-ín bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

Ohun kan wà tí Abẹ́tábìlì máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Tí oníbàárà bá dé tí Màmá Àgbà ò sí nítòsí, á kàn la ẹnu: "Màmá Àgbà ní kí ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì." Irọ́ ni. Màmá Àgbà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n á bínú, wọ́n á fa etí rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ Ẹtì bá pé, aṣọ á ti wà lórí ìkọ́. "Ó ti ti ẹnu mi jáde," ni wọ́n máa ń wí. "Kí ni mo wá fẹ́ ṣe?"

Egungun àwọn obìnrin méjèèjì kò lágbára. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ohun tí ẹlòmíì máa kọsẹ̀ lára rẹ̀ tí á sì fi rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ibùsùn ni fún wọn. Ní gbogbo ìgbà tí Màmá bá kán lẹ́sẹ̀ nígbà èwe, Màmá Àgbà ló máa ń dúró síwájú wọn, á na ọwọ́ méjèèjì, á máa kà á: "Ení. Èjì. Má wolẹ̀, ojú mi ni kó o wò."

Okùn iná maṣíìnì ló kọ́ Màmá lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú. Oríkèé itan fọ́. Dókítà là á, ó fi irin tò ó pọ̀. Ọjọ́ kẹrin tí Màmá wà ní ọsibítù, Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, egungun ìhà wọn mẹ́ta sì dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá wọn.

Dókítà pe Abẹ́tábìlì sí kọ̀rọ̀. "Ẹ má tíì sọ fún wọn o. Tí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, wọn ò ní rìn mọ́, omi á sì máa gbà wọ́n láyà. Tí ìbànújẹ́ bá wọlé báyìí, wọn ò ní dìde."

Bí wọ́n ṣe fi pamọ́ nìyẹn. Wọ́n sin Màmá Àgbà lọ́jọ́bọ̀. Abẹ́tábìlì ti ibẹ̀ lọ sílé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó bọ́jú, ó sì gba ọsibítù lọ. "Ẹsẹ̀ Màmá Àgbà ló wú," ló wí. "Wọn ò lè jáde." Tíṣà, obìnrin ará ilé kejì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá wọn jókòó ti Màmá láàárọ̀, náà gbà láti pa ẹnu mọ́. "Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́!" ló wí. "Kí Ọlọ́run má ṣe kà á sí mi lọ́rùn."

Ṣùgbọ́n Màmá délé tán, wọ́n kọ̀, wọn ò rìn.

"Mi ò lè dá a ṣe," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń kà á fún mi. Tí ẹsẹ̀ wọn bá sàn, a jọ máa rìn."

Ọ̀sẹ̀ kẹrin dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abẹ́tábìlì ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ Màmá, ó sì rí i pé ẹran ara ẹsẹ̀ náà ti ń gbẹ. Ẹ̀rù bà á. Ẹnu rẹ̀ kàn là ni.

"Màmá Àgbà ránṣẹ́ sí yín."

Màmá yíjú sí i. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti máa pàdé yín."

Màmá wò ó pẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni, Màmá."

"Ó dáa." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo ti gbọ́."

Ọjọ́ kejì ni ilà àkọ́kọ́ wà nílẹ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òmíràn wà níbẹ̀, ìṣísẹ̀ méjì sí ibùsùn. Abẹ́tábìlì nù ún. Ó tún di mẹ́ta. Ó lọ bá Tíṣà.

"Ta ló ń wọlé wá tí mi ò bá sí nílé?"

"Ta ni kó wọlé? Tí mo bá fẹ́ lọ jẹun lọ́sàn-án, èmi ni mò ń tilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́rùn mi bíi ti wọ́dà." Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo máa ń bá irin yẹn níbi tí mi ò gbé e sí. Mo bi Màmá léèrè. Wọ́n ní kí n lọ bi ẹni tó ń kà."

Abẹ́tábìlì padà sínú ilé, ó jókòó sétí ibùsùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Màmá wí, wọ́n rọra sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. "Aago kan ni wọ́n ń dé. Wọn kì í jókòó. Tí mo bá dúró, wọ́n á fa ilà síbẹ̀, kí n má bàa gbàgbé ibi tí mo dé."

"Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Ó ṣì ń dùn wọ́n. Ọwọ́ wọn ló tutù. Mo ní kí wọ́n lọ wá súwẹ́tà wọ̀."

Oògùn ìrora ni, Abẹ́tábìlì wí fún ara rẹ̀. Ó máa ń fi nǹkan han èèyàn. Ṣùgbọ́n oògùn kì í fa ilà sílẹ̀. Ó mọ̀. Ó ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Màmá ti ń jẹun, pé ẹsẹ̀ náà ti ń kún padà, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan ṣọ́ọ̀kì nínú àdúrà rẹ̀. Ó wù ú kí Màmá rìn ju kó mọ ẹni tó ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ. Ìyẹn ni ọ̀ràn tó wà lọ́kàn rẹ̀ dòní.

Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá ló wà láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná níbi iṣẹ́ bàjẹ́, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ. Aago kan kọjá díẹ̀ ló dé iwájú yàrá Màmá. Ó gbọ́ ìró irin nílẹ̀, kó, kó. Ó gbọ́ Màmá tí wọ́n ń mí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kejì, láti ẹ̀gbẹ́ ètè kan, fín-ín, bí ohùn ẹni tó há abẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu.

"Ẹ̀sán. Má wolẹ̀, ojú mi ni kó o wò."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Kò lè tì í. Òórùn òróró maṣíìnì àti ti aṣọ tuntun ń gba àlàfo rẹ̀ jáde. Ó dúró títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́, ó sì wọlé.

Màmá nìkan ló jókòó lórí àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mẹ́sàn-án lónìí," ni wọ́n wí.

Ilà kẹsàn-án wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Abẹ́tábìlì, lẹ́nu ọ̀nà gan-an, níbi tí Màmá ò tíì rìn dé. Èyí ní àgbélébùú kékeré lórí.

Ó yẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó dàgbà lábẹ́ tábìlì yẹn tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí Màmá Àgbà gbà ń ṣiṣẹ́ ni. Ilà lásán, kí Màmá rán an. Ilà tó bá ní àgbélébùú lórí, kí ẹnikẹ́ni má rán an, ibẹ̀ ni sísọ́ọ̀sì máa gbà.

Ó kúnlẹ̀, ó di etí aṣọ Màmá mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rìn mọ́. Màmá Àgbà ò sí mọ́. Wọ́n ti kú. Ẹ wà ní ọsibítù nígbà tí a sin wọ́n."

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó kúrò ní ọsibítù. Ìwọ tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ lò ń bá mi rojọ́ wọn. Màmá Àgbà wò mí níran, Màmá Àgbà ní aṣọ mi ò bá mi mu. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá, o ò rojọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, háà, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ojú rẹ ni mò ń wò. Irọ́ yẹn ló ń gbé ọ ró. Mo ní kí n má gbà á lọ́wọ́ rẹ." Wọ́n fi etí aṣọ nu òógùn ojú. "Aṣọ wo lẹ fi wọ̀ wọ́n?"

"Èyí tí ẹ ń rán fún wọn. Ti búlúù."

"Èyí tí mi ò tíì ṣẹ́ etí apá rẹ̀?" Ibẹ̀ ni ohùn Màmá ti já. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ tí mi ò parí lọ."

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo fi ṣọ́ọ̀kì wọn sínú àpò rẹ̀."

"O ṣeun. Wọn ì bá máa wá a kiri."

Abẹ́tábìlì bú sẹ́kún. "Wọn ò rán mi níṣẹ́ kankan sí yín. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Mo mọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo ṣèlérí lórúkọ wọn rí tí wọn ò mú un ṣẹ?"

Màmá ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà sí i. "Gbé e padà síbi ògiri."

"Dókítà ní..."

"Mo gbọ́ ti dókítà. Bí mo rìn, bí mi ò rìn, ibì kan náà ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n èyí pẹ́ díẹ̀. O ò tíì sunkún ẹ̀gbọ́n mi. O ò ráyè. Jẹ́ kí n dúró tì ọ́ kó o sunkún wọn."

Ó gbé orí lé itan Màmá, ẹsẹ̀ tí kò fọ́, ó sì sunkún títí òòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Màmá ò dìde mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà kọjá. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà wá wò wọ́n, ó mi orí, ó ní èèyàn tó ti ń rìn dáadáa, kí ló dé? Tíṣà yíjú sí fèrèsé.

Ilà ò sí nílẹ̀ mọ́, àfi ọ̀kan. Abẹ́tábìlì ti nu àgbélébùú ẹnu ọ̀nà yẹn títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ tí dókítà lọ, ó rí i pé ó ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọlé ní ìṣísẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, ó di méjì. Nígbà tó di méje, kò nù ún mọ́.

"Màmá, wọ́n ń bọ̀."

"Mo gbọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, wọ́n ní àwọn ti ṣèlérí." Màmá húkọ́, wọ́n di ìhà mú kó má bàa dá. "Mélòó ló kù?"

Abẹ́tábìlì kà á pẹ̀lú ojú. "Mẹ́fà."

"Ìyẹn pọ̀. Ẹsẹ̀ ń dun ẹ̀gbọ́n mi, ìṣísẹ̀ kan lójúmọ́ ni, wọn kì í sáré." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Lọ sọ níbi iṣẹ́ pé o ò ní wá. Kó o bá mi fi òwú búlúù sí abẹ́rẹ́. Etí apá kan péré ló kù, mo lè ṣẹ́ ẹ mọ́ wọn lára."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tàsé ihò abẹ́rẹ́ kí òwú tó wọlé. Ó fi abẹ́rẹ́ náà sí Màmá lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ kejì mú, jẹ́jẹ́, bí ẹni di ẹyin mú.

Aago lu kan. Yàrá náà tutù díẹ̀. Òórùn òróró maṣíìnì dé, àti ti aṣọ tuntun.

"Àrún," ni ohùn náà wí, láti ẹ̀gbẹ́ ètè kan.