Ohun Tí Ojú Barnabas Rí Nínú Gbàǹjo Orí Fóònù

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ kí n sọ ti Barnabas fún ọ, ọmọ Ìlá tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ní Jẹ́dà, nílẹ̀ Saudi níbí. Ó mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ìgbéraga rẹ̀, háà! Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ borí rẹ̀.

Abdulkarim, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ fún un pé òun fẹ́ ra jíìpù kan nínú gbàǹjo orí fóònù. Kíá ni Barnabas wọ inú gbàǹjo náà lábẹ́lẹ̀, kó lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nínú gbàǹjo yìí, wàá kọ iye tó ga jù tí o lè san, ẹlòmíràn ò sì ní rí i. Bí ẹnì kan bá ju tìrẹ lọ, ẹ̀rọ á fi díẹ̀ lé e fún ọ, títí dé iye tí o kọ. Bí kò bá sẹ́ni tó ń bá ọ fà á, kò ní dé ibẹ̀ rárá.

Barnabas kọ ogójì ẹgbẹ̀rún riyal. Ìdajì rẹ̀ ni tirẹ̀. Ìdajì yòókù jẹ́ owó àjọ wa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti kan Oyíndà láti kó o, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù yẹn.

“Mo kàn kọ ọ́ ni,” ló sọ fún ara rẹ̀. “Ta ló máa lé mi débẹ̀?”

Abdulkarim ò gbà. Bó ṣe ń fi kún tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fi kún ti Barnabas. Ó wá ibi tí yóò tẹ̀ láti fagi lé e, kò rí. Ó ń làágùn, ó ń pariwo mọ́ fóònù. Nígbà tí Abdulkarim fi máa jáwọ́, ó ku díẹ̀ kó pé ogójì ẹgbẹ̀rún. Wọ́n yọ owó náà lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, a pàdé nílé Caleb, àgbà tó ń ṣáájú wa, níbi tí a ti ń rọra gbàdúrà torí wọn kì í gba ṣọ́ọ̀ṣì láyè níbí. Nítorí jọ̀lọ́ọ̀fù lásán ni Barnabas ṣe máa ń wá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò lè jẹun.

“Ẹ̀gbọ́n Caleb, mo gbé! Mo ti fi owó àjọ ra jíìpù. Ẹ jẹ́ kí n dá owó yẹn padà ná, kí n tó wá síwájú Ọlọ́run.”

“Àbúrò, o ò lè tún ara rẹ ṣe. Jésù ò díwọ̀n ohun tó máa san lórí rẹ. Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi lélẹ̀. Wá bí o ṣe wà yìí.”

Barnabas kúnlẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ọlọ́run dárí jì í. Láti ibẹ̀ ló ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Oyíndà, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Oyíndà bú sẹ́kún.

Barnabas ta jíìpù náà ní àdánù, ó ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó tó pé, ojú ìyá Oyíndà ti fọ́. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí ńkọ́? O ti sọ fún ara rẹ pé ìgò ọtí kan péré ni, pé irọ́ kékeré ni, pé o ò ní kọjá ibẹ̀ yẹn. Sátánì á fà ọ́ débẹ̀, ẹlòmíràn ló sì lè fi ojú san án. Má dúró dìgbà tí o bá tún ara rẹ ṣe. Níbi tí o jókòó sí yẹn, ké pe Jésù, kó tó pẹ́ jù fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ.