Ìgò Kejì tó Sọnù ní Ajíbòdé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Dókítà Olúfúnmi ṣí fírísà yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Ajíbòdé, ìgò kìíní nìkan ló bá níbi tí méjì ti wà. Purotéènì kan tó ń gbé inú awọ sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú wọn, èyí tí ọ̀gá rẹ̀, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbádé, gé sí méjì kó tó kú. Bí a bá da àbọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú omi ọṣẹ àti ọ̀rá, tí a sì fi èròjà kan sí i, wọ́n á tún ká pọ̀ di odindi, omi náà á sì di elése àlùkò. Nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń sọ pé, "Wọ́n ti mọ ara wọn." Èyí tó gé kẹ́yìn nìyí, kò sí òmíràn mọ́.

Ilẹ̀kùn ò bàjẹ́, Adéwọlé tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọlọ́pàá sì tì mọ́lé.

"Màdáámù, mi ò mú un," ló sọ fún Ìnspẹ́kítọ̀ Mùjíbátù. "Ẹni tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀."

"Ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣáájú rẹ?"

"Bàbá Ṣítù ni. Wọ́n ti fẹ̀yìntì sí Lálúpọn."

Mùjíbátù bá bàbá náà níwájú ilé, ó ń bó gbágùúdá. Inú rẹ̀ dùn láti sọ̀rọ̀ àtijọ́.

"Ọgbọ̀n ọdún lèmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ, èmi ni mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ra yìnyín. Ayé ìgbà yẹn dáa, ọmọ mi."

"Bàbá, ìgò kan sọnù nínú fírísà yẹn."

Bàbá náà mi orí. "Kí ni àbúrò fẹ́ dá ṣe láìsí ẹ̀gbọ́n?"

Mùjíbátù rò pé bàbá ṣì sọ ni, nítorí ìgò kìíní ló kù, òun ló sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ nígbà tó padà dé Ajíbòdé, ó bi Olúfúnmi bóyá àwọn ìgò náà ní orúkọ.

Olúfúnmi rẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pe ìkíní ní Táyé, ó ń pe ìkejì ní Kẹ́hìndé."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí Lálúpọn.

"Bàbá," ni Mùjíbátù wí, "ẹni tó bá fẹ́ tà á ì bá kó méjèèjì, torí àbọ̀ kan ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mú ẹyọ kan ò fẹ́ kí wọ́n pàdé ni. Mi ò sì sọ èyí tó sọnù fún yín. Táyé ló kọ́kọ́ wáyé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ló lọ?"

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó gbé kúlà yìnyín jáde, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látijọ́ lé e lórí.

"Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé wọn. Bí ẹ bá ti dà wọ́n pọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí."

"Bí a ò bá dà wọ́n pọ̀, Bàbá," ni Olúfúnmi dáhùn, "a ò ní mọ̀ láéláé bóyá iṣẹ́ náà dáa."

"Ọmọ ọlọ́mọ sì ń sùn ní àhámọ́ nítorí yín," ni Mùjíbátù fi kún un.

Bàbá wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Wọ́n tú Adéwọlé sílẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní Ajíbòdé, Olúfúnmi ní kí Bàbá Ṣítù fi ọwọ́ ara rẹ̀ da Kẹ́hìndé mọ́ Táyé. Mùjíbátù jókòó, ó gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lé itan, ó ń dúró. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, omi náà di elése àlùkò.

"Wọ́n ti mọ ara wọn," ni bàbá wí. Ó gbé ìgò náà fún Olúfúnmi, ó nu ojú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí Mùjíbátù.

"Ọmọ mi, ó yá."