Àgúnmu Olú

"Kí lo fún bàbá mi jẹ? Wí i, kí gbogbo ẹbí gbọ́!"

Ohùn Zoé gba gbogbo àgbàlá wọn kan, ní àdúgbò Gbégamey ní Kùtọnú. Ó mú àgúnmu tó wà nínú igbá kékeré lọ́wọ́, ó nàka ọwọ́ kejì sí Àrínọlá lójú. Àrínọlá ò ṣẹ́jú.

"Sọ ìka yẹn kalẹ̀. Mo ti bí ẹni tó jù ọ́ lọ."

"Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, bàbá mi ò wo obìnrin kankan. Ó dé ìsọ̀ rẹ, ó mu àgúnmu rẹ, ó wá ní òun fẹ́ gbéyàwó pẹ̀lú irun funfun. Bí èyí kì í bá ṣe oògùn ìfẹ́, kí ni?"

Adéògún, bàbá Zoé, wà lórí àga. Ọláolú àbúrò rẹ̀ jókòó tì í. Kétu ló ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí. Bó bá ní rárá, ó parí. Àrínọlá ti pinnu pé bí wọ́n bá kọ òun, òun ó di ẹrù òun, òun ò sì ní tẹ Kùtọnú mọ́.

Ọdún tó kọjá ni òun àti Adéògún pàdé. Ọyẹ́ ti ń la àwọn èèyàn létè nígbà tí Adéògún, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ èbúté, dúró níwájú ìsọ̀ Àrínọlá.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń tà?"

"Olú ni. Mo sá a, mo gún un, mo kù ú. Àwọn àgbà ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ara wọn lè lágbára láti bá àìsàn jà. Kì í sọ arúgbó di ọmọdé o. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ̀ ń wá, ẹ lọ bá àwọn onírọ́."

Adéògún rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó rà á. Ó tún padà wá, ó tún rà á. Díẹ̀díẹ̀ ni ìfẹ́ wọ Àrínọlá lára. Bí Adéògún ò bá tètè dé, ọjà a sú u. Lọ́jọ́ kan ni Adéògún wí pé, "Àrín mi, ilé mi dákẹ́ jù. Wá máa bá mi jà níbẹ̀."

Ìjà náà ló wá dé yìí. Àrínọlá já igbá gbà lọ́wọ́ Zoé, ó da omi sí àgúnmu, ó gbé e mu tán lójú gbogbo wọn.

"Ṣé ó tó?"

"O ti lo ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kí o tó wá ni," Zoé dáhùn.

Ọláolú gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Kí ló wà nínú àgúnmu yìí gan-an?"

"Olú ni," Àrínọlá wí.

Ọláolú yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ olú? Ẹ jẹ èèwọ̀ ilé bàbá wa?"

Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yìí ṣàjèjì sí Zoé. Kùtọnú ni wọ́n bí i sí, ọmọ Àgùdà sì ni ìyá rẹ̀. Lóòótọ́, olú ò wọ ìkòkò wọn rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Adéògún họ orí. "N ò fi ahọ́n kàn án rí."

Àrínọlá yíjú sí i. "Bàbá Zoé, gbogbo èyí tẹ́ ẹ rà ńkọ́? Ẹ ní ó bá yín lára mu."

"Ìjókòó ọ̀dọ̀ rẹ ló bá mi lára mu. Bí n ò bá rà á, kí ni mo fẹ́ sọ pé mo wá ṣe?"

Ayọ̀ gbé Àrínọlá. Ó fẹ́ bú u, ó fẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọláolú bú sẹ́rìn-ín. "Èmi fọwọ́ sí i. Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀."

"Èmi ò fọwọ́ sí i," Zoé wí. "Ta ló wá ń mu àgúnmu yẹn?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyá Françoise jáde wá, ìyá tó bí ìyá Zoé, tí Adéògún ò yéé tọ́jú láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Lọ́yẹ́ èṣí, ikọ́ dè é mọ́ ẹní títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe fadá. Lọ́yẹ́ yìí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó ti Àrínọlá, ó gbọ́wọ́ lé e nítan.

"Èmi ni mo ń mu ún, Zoé, mi ò ṣẹ́ nǹkan kù. Bó bá jẹ́ oògùn ìfẹ́ ni, sáré lọ pe fadá wá, kó wá so èmi àti Àrínọlá pọ̀."