Delima Kò Pààrọ̀ Ìjókòó

Ọkọ̀ ọkùnrin náà ni Delima kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan ló ń dá bọ̀ láàárín odò, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, àpò ìyẹ̀fun kan àti ìkòkò tíì kan jókòó pẹ̀sẹ̀ sáàárín rẹ̀ bí àgbà méjì tó ń lọ sóde. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbọ́ igbe. Ọkùnrin gíga kan ń sáré bọ̀ lórí àpáta etídò, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀fọn sì bo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ bá mi mú un! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un!"

Delima ò kánjú. Ó fi àjẹ̀ wa omi lẹ́ẹ̀kan, ó wà á lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ tirẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nawọ́, ó di etí ọkọ̀ tó ń sá lọ náà mú. Ó wá wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀.

"Ṣé báyìí lẹ ṣe ń rìnrìn àjò níbi tẹ́ ẹ ti wá? Ẹrù á máa lọ níwájú, ẹni tó ni ín á máa sáré tẹ̀ lé e?"

"Etí omi ni mo fà á sí." Ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo fà á gòkè dáadáa. Mo sùn, mo jí, omi ti gbé e lọ."

"Etí omi!" Delima bú sẹ́rìn-ín. "Orí adágún ni wọ́n bí ẹ sí, àbí?"

Àṣìṣe ará adágún gbáà nìyẹn. Lórí adágún, ibi tí omi wà lánàá náà ló máa wà lónìí. Odò tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti kọ́ dáàmù sókè ọ̀hún. Wọ́n á ṣí omi sílẹ̀ nígbà tó bá wù wọ́n, wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kílẹ̀ tó mọ́ omi á ti gun òkè wá bá ọ nínú àgọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké wa pàápàá mọ̀ pé àárín igi là ń gbé ọkọ̀ sí, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó sì so ó mọ́ gbòǹgbò.

Isidore ni orúkọ rẹ̀. Ará Dene ni, láti àríwá lọ́hùn-ún níbi tí igi ti ń tán nílẹ̀. Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín, àwa ẹ̀yà Cree àti ẹ̀yà Dene ti fìgbà kan rí máa ń pa ara wa. Ní báyìí, yẹ̀yẹ́ nìkan là ń fi ara wa ṣe, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ náà máa ń dunni nígbà míì. Iṣẹ́ ló ń wá bọ̀. Ó ti gbọ́ pé Ambrose, bàbá Delima, ń wá ẹni tí yóò máa bá òun gbé ẹrù àwọn àlejò tó ń wá pàgọ́ lórí odò wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Èmi lọmọ Ambrose," Delima wí, ó sì ju okùn ọkọ̀ rẹ̀ sí i. "Wọ ṣòkòtò gidi kó o tó lọ bá a."

Ambrose gbà á síṣẹ́ nítorí pé àyà rẹ̀ fẹ̀. Kò tìtorí nǹkan míì gbà á.

Ó yẹ kí n sọ ti Ambrose yìí fún yín. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kò sẹ́ni tó mọ odò yẹn tó o. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jókòó sí ìdí ọkọ̀ ló ń darí ọkọ̀. Ẹni tó wà níwájú, agbára lásán ló ń lò. Ìdí ọkọ̀ ni ipò bàbá. Ìdí ọkọ̀ ni ipò ọkọ. Ṣùgbọ́n èjìká Ambrose ti bàjẹ́ látìgbà tó ti ṣubú lórí yìnyín, kò lè gbé àjẹ̀ kọjá àyà mọ́. Delima ló ń darí ọkọ̀. Delima ló ń gbé àlejò gba Eyín Arúgbó kọjá, ibi tí àwọn àpáta ti yọ gan-n-gan láàárín omi tó ń hó yaya. Àmọ́ nísàlẹ̀ Eyín Arúgbó, kí abúlé tó hàn, erékùṣù kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń yà sí. Bàbá á bọ́ sí ìdí ọkọ̀, ọmọ á bọ́ síwájú, wọ́n á wá jáde sójú gbogbo ayé, Ambrose á gbáyà sókè, àjẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Isidore rí i, inú ọkọ̀ ẹrù tó ń tẹ̀ lé wọn ló wà.

"Kí lẹ̀ ń pààrọ̀ fún?" Ó bi Delima nígbà tí wọ́n ń já ẹrù.

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Ìwọ lo gbé wọn kọjá níbẹ̀ yẹn. Ojú mi ló ṣe. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi."

"Ará adágún, gbé àpò."

Ó gbé àpò. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ń dún létí Delima títí dìrọ̀lẹ́: ìwọ lo gbé wọn kọjá. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ sókè rí. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún ń bínú pé inú òun dùn.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n jọ ń pàgọ́, wọ́n jọ ń sọ ọ́ kalẹ̀. Tí òjò bá mú àwọn àlejò sínú àgọ́, Isidore á máa din ẹja lábẹ́ tapólì, Delima á máa ṣàríwísí.

"Iyọ̀ rẹ kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ẹran karibú, kí lẹ mọ̀ nípa adùn?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ muusi, ẹran tó le bí awọ bàtà, ẹ̀yin náà wà nínú àwọn tó ń jẹun?"

"Gbé ẹja wá, jàre."

Delima kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo omi: ibi tó ń dán tó tẹ́jú tí àpáta sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ibi tó ń ru tí kò sì léwu. Isidore ń gbọ́, ó ń gbàgbé. Lórí adágún ńlá, nínú ìjì, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ibi tí omi ti ń sáré, á ṣáà máa fẹ́ bá omi jà.

Ọjọ́ kan, wọ́n ń gba ọ̀nà inú igbó tí wọ́n fi ń yẹra fún ìtàkìtì omi kan. Isidore ló ru ọkọ̀, ó dojú rẹ̀ dé orí, ó bò ó dé àyà. Delima ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ohùn kan wá jáde láti abẹ́ ọkọ̀.

"Delima, mo fẹ́ràn rẹ."

Delima dúró. "Kí lo wí?"

"O gbọ́ mi."

"Sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó o tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi!"

"Rárá o. Tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, ojú á tì mí."

Delima rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ orí sábẹ́ ọkọ̀, ó sì fi ẹnu ko ọkùnrin náà lẹ́nu nínú òkùnkùn tó ń rùn bí ọ̀dà àti ẹja. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ẹsẹ̀ mẹ́rin lábẹ́ ọkọ̀ kan, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà tí wọ́n sọ fún Ambrose, ó rọra gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ará Dene! Ṣé àwọn ọkùnrin wa ti tán nílẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti tán, Bàbá," Delima wí. "Ẹni tó wù mí rèé."

Ambrose kọjú sí Isidore. "Gbọ́, ọmọkùnrin yìí. Ọkọ ọmọ mi ló máa jókòó sí ìdí ọkọ̀. Tí àwọn èèyàn wa bá pé jọ ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, fi Delima síwájú, kó o darí ọkọ̀ gba Eyín Arúgbó, kó o sì gúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa padà sórí adágún yín."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?"

Ambrose dákẹ́ títí Isidore fi jáde. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló ní kó kú? Erékùṣù ṣì wà níbi tó wà."

Delima wo bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Veronique, tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó yí ẹja rẹ̀ padà.

"Ká pààrọ̀," ni Isidore wí lọ́jọ́ kejì, létí omi. "Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ìwọ á gbé wa kọjá, a ó yà sẹ́yìn erékùṣù, ó tán. Bàbá á gbà, a ó fẹ́ra wa."

"Báyìí náà ni bàbá mi ṣe ń sọ pé ó tán, látìgbà tí mo ti di ọmọge. Mo gbé àlejò kọjá, òun ni wọ́n kí. Mo gbé obìnrin tó ń rọbí kọjá, òun ni wọ́n kí. Mi ò bínú sí i, bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n kí n tún wá fẹ́ ọkọ lórí irọ́ yẹn? Kí n máa yà sẹ́yìn erékùṣù títí n ó fi kú?"

"Tó bá wá lé mi ńkọ́?"

"Á lé ẹ nìyẹn."

"Ó rọrùn lẹ́nu rẹ."

"Kò rọrùn!" Omijé bọ́ lójú Delima, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a kúrò bí ẹni ń lé ẹ̀fọn. "Mo fẹ́ràn rẹ débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fara pamọ́ nítorí pé mo mọ iṣẹ́ mi. Mi ò ṣe!"

Isidore mọ̀ pé òótọ́ ni Delima sọ, ó sì mọ̀ pé òótọ́ náà lè gba obìnrin yìí lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ ìpéjọ pé. Gbogbo wa la wà létídò, èmi náà jókòó sórí àpáta, iná ń jó, wọ́n ń yan ẹran muusi, Ambrose dúró síwájú pátápátá nínú aṣọ àtàtà. Lókè odò, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀. Delima bọ́ sí ìdí, Isidore bọ́ síwájú.

Omi Eyín Arúgbó pariwo pàdé wọn. "Òsì!" Delima kígbe. "Fà á! Dúró! Má bá a jà, jẹ́ kó gbé wa!" Isidore ṣe ohun tó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò bá omi jà. Àpáta kọjá létí ọkọ̀ débi pé ó lè fọwọ́ kàn án, omi tútù dà sí i lórí, ọkọ̀ fò, ó balẹ̀, omi sì rọlẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Erékùṣù yọ níwájú. Isidore gbé àjẹ̀ rẹ̀ sórí itan, ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń retí kí ọkọ̀ yà. Ọkọ̀ ò yà.

"Delima, erékùṣù rèé."

"Mo rí i."

"A ti ń kọjá ẹ̀."

"Mo mọ̀. Tó o bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, sọ fún mi ní báyìí."

Isidore wo iwájú. Èéfín abúlé ti ń hàn. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ omi tagbáratagbára.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe já sójú wa. Obìnrin ní ìdí ọkọ̀, ọkùnrin níwájú, ọ̀sán gangan. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi kígbe pé, "Ẹ wo ará Dene, ó ti di ẹrù!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ambrose ti wọ omi dé orúnkún. "Kí ni mo sọ fún ọ?" Ó ń bi Isidore, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára Delima.

Isidore bọ́ sínú omi, ó dúró níwájú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ rin gbingbin. "Bàbá, ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Ìdí ọkọ̀ ò sí lára ohun tí mo wá tọrọ, torí pé òun ló ni ín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Mi ò ní jókòó síbẹ̀ kí wọ́n lè máa kí mi fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

"Ẹ dójú tì mí," Ambrose wí. "Lójú gbogbo ayé."

"Ojú wo?" Veronique ló sọ̀rọ̀. Ó ti sọ ọ̀bẹ ẹja sílẹ̀, ó ń bọ̀ létí omi. "Bàbá Delima, ta lẹ rò pé ẹ̀ ń tàn? Níbi tí mo ti ń sá ẹja lórí àpáta, ẹ̀yìn erékùṣù yẹn hàn gbangba. Gbogbo wa la mọ̀, ọjọ́ ti pẹ́. A dákẹ́ torí pé a fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti gbé wa fún ìgbà pípẹ́ láìgbọ́ ẹ ṣeun lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà ò sì sọ ọ́ fún un."

Ambrose yíjú wo wa. Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú. Èmi náà wo ẹsẹ̀ mi. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá arúgbó náà dúró nínú omi, àánú rẹ̀ ṣe mí gidi.

Níkẹyìn ó bi Delima pé, "Apá wo lo gbà ní Eyín Arúgbó?"

"Òsì, Bàbá. Omi ti wálẹ̀, àpáta ti yọ lápá ọ̀tún."

"Òsì." Ó ronú sí i. Ó mi orí. "Èmi náà ìbá gba òsì." Ó wá sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wa lè gbọ́: "O ṣeun, Delima. Fún gbogbo rẹ̀."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó di èjìká Isidore mú, ó fi gbéra, ó sì wọ inú ọkọ̀. Kò lọ síwájú, kò lọ sí ìdí. Àárín ló jókòó sí, níbi tí à ń fi àlejò àti àgbàlagbà sí, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ilé ń bẹ lódì kejì odò, ẹ gbé mi délé," ó wí. "Fàdá ń bọ̀ kí omi tó di yìnyín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yín. Kí ìwọ ará Dene má ta omi sí mi láṣọ."

Isidore fò síwájú ọkọ̀, ẹ̀rín àti ẹkún pàdé lójú rẹ̀. Delima nu ojú, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀, ó fi ti ilẹ̀, ọkọ̀ sì kúrò létí omi, gbogbo wa ń wò ó.