Ẹ Jẹ́ Kí Aboyún Dáhùn Fúnra Rẹ̀

Aqeelah fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi ní Òkè-Sópẹ́n. Òun náà ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíì lè rí i kà.

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ tó bá ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Mùbàṣírù, máa ń bá a lọ. Ìyá yìí fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tí Aqeelah jẹ, ìyá ni yóò dáhùn. Bó bá béèrè bó ṣe sùn, ìyá náà ni. Àwọn aboyún tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ku kí Màmá bá a rọbí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè bóyá ó máa ń mu sìgá, ìyá rẹ́rìn-ín.

"Nínú ilé Alájì ọkọ mi? Ìyàwó wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń tanná sí i."

Aqeelah tẹrí ba. Nọ́ọ̀sì kọ "rárá" sínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ó ń mu ún. Ìgbà tó ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti kọ́ ọ. Ẹyọ méjì ni lójúmọ́, lẹ́yìn balùwẹ̀. Á wá jẹ orógbó lé e kí ẹnu rẹ̀ má baà rùn.

Nígbà tí oyún wọ oṣù keje, Haneefah, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, fi téèpù wọn ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà kéré sí oṣù rẹ̀. Haneefah yẹ ìwé wò, kò rí ohun tó fà á. Ló bá bẹ ìyá pé kó lọ jókòó síta díẹ̀. Ìyá bínú, ó ní kí ni ìyàwó òun fẹ́ sọ tí òun ò gbọdọ̀ gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò sí aboyún tí àwọn kì í bá dá sọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá jáde, ó ń kùn.

Haneefah ti ilẹ̀kùn, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Àwọn kan ò mu sìgá rí. Àwọn kan ti fi í sílẹ̀. Àwọn kan ti dín in kù, àmọ́ wọn ò tíì lè jáwọ́. Èwo ni tìrẹ, àbúrò mi?"

Omi bọ́ lójú Aqeelah. "Ìkẹta ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá."

"Mi ò ní sọ. Ìwé yìí kì í ṣe ìwé ẹjọ́. Èéfín sìgá kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tó pọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ni ò jẹ́ kó dàgbà tó. Kò tíì pẹ́ jù. Bó o bá fi í sílẹ̀ lónìí, yóò ṣe é láǹfààní. A ó jọ ṣe é ni."

Wọ́n ṣàdéhùn pé kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ìyá rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n. Kò bi í léèrè.

Ẹ̀yin aboyún, bẹ́ ẹ bá ń mu sìgá, ẹ má fi pa mọ́ fún nọ́ọ̀sì. Bẹ́ ẹ bá ń tijú èrò, ẹ ní kó pè yín sí kọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ò bá sọ, kò lè bá yín tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àti ọkọ, ẹ máa sìn wọ́n lọ, ó dára. Àmọ́ ẹ má ṣe máa bá wọn dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Mùbàṣírù sin ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó dúró.

"Ohun tí nọ́ọ̀sì bá bi ọ́, sọ òótọ́ fún un. Èmi ń lọ sọ́jà."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Kò wẹ̀yìn wò.